Ẹja Tí Ojú Rẹ̀ Ń Rìn

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹja pẹlẹbẹ lórí àtẹ, ẹ̀rín ni yóò rín. Ojú méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹnu wọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì funfun báláú.

Ẹ gbọ́ o, a kò bí i bẹ́ẹ̀. Oríṣi rẹ̀ lé ní 700 láyé. Ẹ jẹ́ kí á mú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní plaice, tó wà nínú Òkun Àríwá lẹ́bàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, ojú kan wà lọ́tùn-ún, ìkan lósì, bíi ti ẹja yòókù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú òsì á bẹ̀rẹ̀ sí rìn, á gba àtàrí kọjá sí ọ̀tún. Ẹja náà á wá fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, ó di ará ìsàlẹ̀ omi nìyẹn. Èyí tó rí bí ahọ́n létíkun tiwa níbí, òsì ni ojú tirẹ̀ ń kó sí.

Á gbọn iyanrìn bora, ojú nìkan ni yóò yọ síta, àwọ̀ rẹ̀ á sì jọ ilẹ̀ tó sùn lé. Ekòló òkun àti ìṣáwùrú kéékèèké ni plaice ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹ ni, wọ́n ń jẹ òun náà: edé ń jẹ ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹja ńláńlá sì ń dọdẹ àgbà rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan nínú Òkun Pupa ní oògùn tirẹ̀: omi funfun bíi wàrà ń jáde lára rẹ̀, shark eléyín mímú kò sì ní lè gé e jẹ.

Ojú ọmọ àbúrò mi obìnrin kan wọ́ díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ẹja yìí bú u. Mo ròyìn gbogbo èyí fún un, kó lè túra ká. Ó ní, “Bàbá Sùúrùlérè, ṣé ó máa ń dun ẹja náà tí ojú rẹ̀ bá ń rìn? Torí tèmi máa ń rẹ̀ mí.”

Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé bó bá dàgbà, yóò lọ. Mo ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú kíá. Wọ́n fún un ní awò, wọ́n sì ń bo ojú tó dáa fún wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, kí èyí tó ń ṣọ̀lẹ lè kọ́ iṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹja ni ojú rẹ̀ ń rìn tí kò léwu. Ojú ọmọ tó wọ́, tí a kò tètè tọ́jú, lè má ríran dáadáa mọ́ láéláé.