Ọmọ Ta Ni Ìyá Rẹ̀?

Bí ẹ bá dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn tí ẹ ní ẹ fẹ́ ra Áírìṣì, kò sẹ́ni tí yóò bi yín pé irú Áírìṣì wo. Ẹ ó rà á, ẹ ó sanwó, ẹ ó máa lọ. Ọ̀dùnkún òyìnbó tí wọ́n ń kó wá láti Jos ni. Èmi náà ti jẹ ẹ́ fún ogójì ọdún ó lé díẹ̀, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ àna wa gbé mi dé inú ìwé àwọn òkú ní Liverpool.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ ní Liverpool. Ibẹ̀ ló ti gbé òyìnbó níyàwó, ọmọ ìlú náà gan-an. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Lọ́dún 2023, ọmọ náà wá kí wa ní Ìbàdàn, ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá wa gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ìyá wa, tí ń ki ènìyàn bí ẹni tí wọ́n háyà, gbé ẹnu lé e. Oníkòyí ni wá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé oríkì tiwa kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ki ìhà bàbá títí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ ju díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ. Nígbà tó yẹ kó yà sí ìhà ìyá, ó dákẹ́. Ó yíjú sí mi.

“Ọmọ ta ni ìyá rẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, òyìnbó ni.”

“Mo mọ̀ pé òyìnbó ni, ojú mi ò fọ́. Òyìnbó ibo?”

Ọmọ náà ní ìyá ìyá òun máa ń sọ pé Áírìṣì làwọn, pé Dublin ni babańlá àwọn ti wá. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ni ìyá wa bá bú sẹ́rìn-ín, “Áírìṣì? Èyí tí à ń dín yìí?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọmọ náà bá wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo bá a níbẹ̀. Ó ní, “Àńkù, Màmá mọ ìran yín dé ibi tí n kò lè kà. Apá kejì tèmi, ìran mẹ́ta, ó tán.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá ránṣẹ́ sí mi lọ́dún 2024 pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ òun, èmi àti ọmọ náà jọ mọ ohun tí a fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ṣe.

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, la kọ́kọ́ lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, ara rẹ̀ le, ó sì ń pè mí ní “love” bí àwọn ará Liverpool ti ń pe gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì nínú bọ́ọ̀sì. Ohun méjì ló mọ̀ nípa bàbá bàbá bàbá rẹ̀. Èkínní, Dublin ló ti wá. Èkejì, ó dá wá ni, ọ̀dọ́kùnrin tí kò ní ju ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ lọ, ó ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi di ènìyàn, kò sì tọrọ jẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ìyá àgbà bá dé ibi “kò tọrọ jẹ” yìí, á fi ìka kan tábìlì. Ẹ rí i, òun ni ògo ìdílé náà.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò nílé. Ọ̀dùnkún náà ni. Àwọn tálákà Írẹ́lándì, pàápàá ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ olówó ni wọ́n ń dá lóko, oúnjẹ tí ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù fún wọn sì lè mú jáde tí ìdílé á yó ni ọ̀dùnkún. Òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀, òun náà ni lálẹ́. Lọ́dún 1845, àrùn kan wọ inú rẹ̀, ó ń jẹrà mọ́ ilẹ̀. Ìyàn tó tẹ̀ lé e kò tán títí di 1852. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá lọ. Ohun tó ń dùn wọ́n títí dòní ni pé bí ebi ti ń pa àwọn tálákà, ọkọ̀ ń kó ọkà àti màlúù láti Írẹ́lándì lọ tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Onílẹ̀ kan ní Strokestown, Denis Mahon, lé àwọn 1,490 ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1847. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé Dublin, wọ́n wọkọ̀ ibẹ̀ lọ sí Liverpool, láti ibẹ̀ wọ́n forí lé Kánádà, ọ̀pọ̀ wọn sì kú sójú omi. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yìnbọn pa Mahon.

Nǹkan bí 300,000 ará Írẹ́lándì ló gúnlẹ̀ sí Liverpool ní 1847 nìkan, ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 400,000 nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1851. Àwọn tó lówó ọkọ̀ kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò ní kọ́bọ̀ ló kù, wọ́n ń gbé yàrá abẹ́ ilẹ̀, ibà táífọ́ọ̀sì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Fadá ìjọ Àgùdà mẹ́wàá tó ń lọ bẹ àwọn aláìsàn wò ni ibà náà pa ní Liverpool lọ́dún yẹn.

Ìdí nìyí tí a kò fi gba ọ̀rọ̀ Dublin gbọ́ lọ títí. Ibi tí ènìyàn ti wọkọ̀ kì í ṣe ìlú rẹ̀. Mélòó nínú wa ló sọ fún òyìnbó pé Èkó lòun ti wá, tó jẹ́ pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí?

Ilé ìkàwé ńlá ìlú náà, ní William Brown Street, di ọ́fíìsì wa. Mo rò pé oṣù kan á tó. Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé níbẹ̀ wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré, ó ní ṣé mo ti gbọ́ nípa iná 1922. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà ogun abẹ́lé Írẹ́lándì, ilé tí wọ́n kó ìwé orílẹ̀-èdè pamọ́ sí nínú Four Courts ní Dublin jóná. Ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti 1861 àti 1871, ìjọba ti sọ pé kí wọ́n run ún tẹ́lẹ̀. Ti 1881 àti 1891, wọ́n fi ṣe pépà tuntun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Èyí tó pé tí a lè kà kò ṣáájú 1901. Ẹni tó bá ti kúrò nílé ní 1847, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ó ti máa wá a, kì í ṣe nílé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún ńkọ́? Nínú ìkànìyàn 1841, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí iwájú ẹni tí wọ́n bí ní Írẹ́lándì: “I”. Ó parí. Láti 1851, wọ́n ń kọ ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí, ṣùgbọ́n ìlú àti àdúgbò ni wọ́n ń kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. “Ireland” ti tó fún àwọn yòókù. Orúkọ tún wá jẹ́ wàhálà tirẹ̀. Àwọn O’ àti Mac tó wà níwájú orúkọ wọn, wọ́n gé e kúrò. Akọ̀wé kọ ohun tó gbọ́, ẹni tó sì ń sọ ọ́ kò mọ̀ọ́kà láti tún un ṣe. Kò yà mí lẹ́nu. Èmi tí akọ̀wé kan ti sọ orúkọ bàbá mi di nǹkan mìíràn nínú ìwé ìrìnnà, ṣé mo tún lè bínú sí ti 1851?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi rí “Ireland”, “Ireland”, “Ireland”. Ó ku díẹ̀ kí ọmọ wa fi í sílẹ̀. Nínú ìkànìyàn 1871 ni a wá bá akọ̀wé kan, Ọlọ́run kẹ́ ẹ, tó fi ọ̀rọ̀ kan kún un: “Mayo.” Ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì ni, ó jìnnà sí Dublin. Lẹ́yìn ìyẹn, a rí ìgbéyàwó rẹ̀ ní 1858 nínú ìwé ìjọ Àgùdà, èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n sì dárúkọ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Orúkọ ìyá yẹn ló tú àṣírí. Ó wà nínú ìwé ilé àwọn aláìní tí ìjọba kọ́ sí Brownlow Hill: opó kan láti Írẹ́lándì, àti ọmọ mẹ́ta, wọ́n gbà wọ́n wọlé ní oṣù karùn-ún 1847. Ìyá kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọ méjì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, òun ni babańlá tí wọ́n ní ó dá wá, tí kò tọrọ jẹ.

A jókòó. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kí a má sọ ọ́, pé ìyá òun ti dàgbà. Ọmọ wa ní ta ló ni ìtàn náà, àbí kì í ṣe ìyá àgbà? Èmi tí mo ń fi ọ̀rọ̀ àṣírí jẹun, mo pa ẹnu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ Sunday a bá ìyá àgbà lọ sí Máàsì ní kàtídírà Àgùdà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1967. Bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó dúró. Ó ní, “Kí lẹ rí tí ẹ ò fẹ́ sọ? Ẹ̀yin méjèèjì dà bí ẹni jí ẹran nínú ìkòkò.”

Ọmọ wa sọ ọ́. Ó sọ èyí tó le jù pẹ̀lú: pé ilẹ̀ ilé àwọn aláìní yẹn ni wọ́n kọ́ kàtídírà náà sí.

“Ibí? Ibi tí mo dúró sí yìí?” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni inú bí i, kì í ṣe sí wa, sí bàbá rẹ̀ tó ti kú, àti bàbá bàbá rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi parọ́ fún òun? Kò bá wa sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé.

Lálẹ́, ó gbé tíì wá fún wa fúnra rẹ̀. Ó ní kí ni orúkọ obìnrin náà.

Ọmọ wa dárúkọ rẹ̀. Orúkọ ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn Áírìṣì ní àṣà kan: wọ́n sábà máa ń fi orúkọ bàbá bàbá sọ àkọ́bí ọkùnrin, wọ́n a sì máa fi orúkọ àwọn ìyá àgbà sọ àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn dàgbà, ó fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò nílé. Ìyá àgbà ní, “Bàbá mi ló ní kí wọ́n sọ mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.” Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn ọmọ méjì tó kù náà sílẹ̀ fún òun, kí n kọ ọ́ gàdàgbà.

Mo tẹ ìyá wa láago ní Ìbàdàn lóru ọjọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìtumọ̀ Mayo lédè wọn ni pápá igi kan tí wọ́n ń pè ní yew, igi tó máa ń pẹ́ láyé ju ènìyàn lọ fíìfíì. Ó ní, “Ehn-ẹ́n. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.” Mo gbọ́ tó ń gbé e pọ́n-ọn-là sábẹ́ ahọ́n, ọmọ pápá igi, ọmọ pápá igi. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tún orúkọ obìnrin tó kú yẹn pè, kí n rọra pè é, kí ẹnu òun lè gbà á.