Ibi tí a lè pàgọ́ sí ní etí òkun Àgbádárìgì

Nígbà tí ọdún bá ti kọjá, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé onígbàgbọ́ ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta ni ó máa ń gbèrò láti kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ibì kan tí afẹ́fẹ́ rere wà, kí ara lè tù wọ́n, kí wọ́n sì lè jùmọ̀ ka Ìwé Mímọ́ láìsí ariwo ọkọ̀ àti ti ọjà. Orúkọ Àgbádárìgì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu. Èyí kò sì yà wá lẹ́nu, nítorí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ni Ìhìnrere gbà wọ ilẹ̀ wa. Ní oṣù September 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ níbẹ̀. Ní December ọdún kan náà ni Henry Townsend dé, a sì ṣe Kérésìmesì ní ìlú náà, lábẹ́ igi agia gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń sọ. Igi náà wó ní 1959, ṣùgbọ́n ohun ìrántí wà ní ojú ibi tí ó dúró sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní 1845 sì ń bẹ lẹ́bàá ọ̀sà títí di òní.

Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni ó mú kí ìlú náà kún fún èrò. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọ́ wá nínú bọ́ọ̀sì ńláńlá láti wo ọjà Vlekete, níbi tí a ti ń ta ènìyàn láyé ọjọ́un, àti ilé oníyàrá 40 ti Sèríkí Abass, ẹni tí a tà lẹ́rú ní kékeré, tí òun náà sì di olówò ẹrú nígbà tí ó dàgbà. Àwọn àlejò ń ti Amẹ́ríkà àti Brazil wá wo ọ̀nà tí a kó àwọn baba ńlá wọn gbà. Bí ó bá wá di ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tàbí ti Kérésìmesì, àwọn olùṣefàájì láti Èkó a tún dà bo etí òkun bí eéṣú. Ẹni tí ó ń wá ìdákẹ́jẹ́ lè rò pé kí òun kúkú gba ibòmíràn lọ. Ní tiwa, a kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìlú tí ó ní ọjà, ilé ìwòsàn, oníbúrẹ́dì àti ilé ìsìn kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó kó ọmọ kéékèèké dání lè jìnnà sí. Ohun tí ó yẹ ni kí a súnmọ́ ọn, kí a má sì sùn nínú rẹ̀.

Ìjọ wa rán ènìyàn mẹ́ta ṣáájú láti yẹ ilẹ̀ náà wò: awa tí a ń kọ ìwé yìí, tíṣà kan, àti ìyá kan láti inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ènìyàn 31 ni yóò lọ pàgọ́, 19 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. A wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní September 2023 láti Marina dé Mile 2, a sì ti ibẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì gba Okokomáíkò àti Agbára kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé kí oòrùn tó mú, kí ó tètè jí. A kò ní sọ ju èyí lọ nípa ọ̀nà náà.

Kí òǹkàwé tí kò dé ibẹ̀ rí lè mọ bí ilẹ̀ náà ti rí, kí ó kíyèsí i pé ìlú Àgbádárìgì kò sí ní etí òkun gan-an. Ọ̀sà ni ó dojú kọ. Ní òdìkejì ọ̀sà ni ilẹ̀ yanrìn tóóró kan wà tí ó nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, àgbọn ni ó sì kún orí rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀ yìí ni òkun ńlá wà. Nítorí náà omi ni ó wà níwájú, omi ni ó wà lẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì pàgọ́ sí àárín wọn níláti mọ ìwà omi méjèèjì.

Ibùdó tí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, a kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òwò ni àwọn tí ó ni ín ń ṣe. Ṣáláńgá wà níbẹ̀, iná wà, àwọn tí ń ta ẹja yíyan kò jìnnà, ẹṣin sì wà fún àwọn ọmọdé láti gùn. Ní ọ̀sán a fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ lẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò sì dákẹ́ títí àkùkọ fi kọ. A gbìyànjú láti gba àdúrà alẹ́. Ẹni tí ó dúró ti wa kò gbọ́ àmín wa. A kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Fàájì ni wọ́n bá wá, wọ́n sì ń ṣe fàájì. Kí bàbá àti ìyá tí ó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ lọ ní ọ̀sán, kí wọ́n sì kó àwọn ọmọ wọn kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ọjọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì sọdá sí Gberefu. Ọ̀nà náà kò pẹ́ lórí omi. Ṣùgbọ́n láti èbúté dé etí òkun, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn nínú yanrìn, ọ̀nà yìí sì ni a ń kó àwọn ẹrú gbà. Kànga kan wà lójú ọ̀nà náà tí a ń sọ pé a ń fún wọn mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní òpin ọ̀nà ni òpó gíga méjì dúró sí, wọ́n kọjú sí òkun. A kò pàdé ju ènìyàn mẹ́rin lọ lọ́jọ́ náà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹ́ẹ́, yanrìn mọ́, kò sí ariwo kankan bí kò ṣe ti ìgbì. Tíṣà wa ní òun kò rí ibi tí ó dára tó yìí rí, pé kí a pàgọ́ síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè kọ́ ìtàn níbi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá tí ó bá wa lọ dúró, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Tíṣà, ibi tí wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ọkọ̀ tí ìyá wọn kò rí wọn mọ́, ibẹ̀ ni ẹ ó ní kí ọmọ tèmi máa gbá bọ́ọ̀lù?”

Tíṣà dá a lóhùn pé, “Ìyá, nítorí ìyẹn gan-an ni mo ṣe fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.”

“Kí wọ́n mọ̀ ọ́n, ó dára. Kí wọ́n sùn síbẹ̀ ni n kò fẹ́.”

A gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò títí a fi padà dé etí ọ̀sà. Kì í ṣe pé a bẹ̀rù òkú. Onígbàgbọ́ ni wá. Ṣùgbọ́n ọmọdé kò lè ṣe kí ó má ṣeré, kò sì yẹ kí á máa nà án nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Bí a bá pàgọ́ síbẹ̀, nínú ohun méjì ọ̀kan ni: yálà kí a fi ọjọ́ mẹ́rin dí àwọn ọmọ lẹ́nu, tàbí kí a jẹ́ kí wọ́n sọ ibi ẹkún di pápá eré. Ẹ rántí pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther pàápàá, tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ni a gbé sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọdún kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ti tirẹ̀ ti gbéra, kì í ṣe Àgbádárìgì. Bí kì í bá ṣe pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, ta ni ìbá mọ orúkọ rẹ̀? Àwọn tí a kò gbà pọ̀ ju àwọn tí a gbà lọ, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ni ó wà ní Brazil àti Cuba lónìí. A fi ẹnu kò pé àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá yóò wá sí Gberefu ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n rìn ín láti èbúté dé òpó, kí wọ́n sì padà.

Ibùdó kẹta ni a yàn. Abúlé apẹja kékeré kan ni, ní orí ilẹ̀ yanrìn kan náà, ní apá ìlà-oòrùn. Àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ Ègùn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gbọ́ Yorùbá. Ilẹ̀ tí ó dàbí ẹni pé kò ní olówó ní etí òkun, ó ní. A kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀, a sọ iye ènìyàn tí ń bọ̀ àti iye òru tí wọn yóò sùn, a san ohun tí wọ́n bèèrè fún ilẹ̀ àti fún ìgbálẹ̀ oko àgbọn. A sì bèèrè bóyá alẹ́ kan wà nínú ọ̀sẹ̀ náà tí Zangbeto yóò jáde, nítorí àwọn ni ọdẹ òru ní ilẹ̀ Ègùn, àlejò kì í sì í rìn gbéregbère nígbà tí wọ́n bá wà níta. Àwọn kan nínú ìjọ wa bi wá pé kí ni onígbàgbọ́ ń fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe. Èsì wa ni pé a kò lọ bá wọn bọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn sí àgbàlá ẹlòmíràn níláti mọ ìgbà tí onílé ń ti ilẹ̀kùn.

Bàbá apẹja kan mú wa lọ sí etí òkun, ohun tí ó kọ́ wa níbẹ̀ ni a fẹ́ kí gbogbo òbí kà dáradára. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ wo òkun yẹn. Níbo ni ọmọ yín yóò wọ̀?” Tíṣà nawọ́ sí ibì kan tí omi ti tẹ́ láàrin ìgbì funfun méjì. Bàbá mi orí. “Ibẹ̀ gan-an ni yóò kú sí.” Ó ṣàlàyé pé omi tí ìgbì ń gbé wá sí èbúté níláti rí ọ̀nà padà, ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi sì dàbí ẹni pé ó rọ̀, ni ọ̀nà ìpadà rẹ̀. Yóò fa àgbàlagbà tí ó mọ̀wẹ̀ jáde kí ó tó pariwo. Ẹni tí ó bá kó sí i, kí ó má ṣe bá a jà láti kọjú sí èbúté, nítorí agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ń bá etí òkun rìn, títí yóò fi dé ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì náà yóò sì gbé e wá. A bi í pé òun tìkára rẹ̀ ńkọ́. Ó ní, “Láti kékeré ni mo ti ń wọ ọkọ̀ lórí òkun yìí. N kò tíì wẹ̀ nínú rẹ̀ fún eré rí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó parí àríyànjiyàn wa. A ṣe òfin pé ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kọjá ìlà tí a fi okùn àti èèkàn fà lórí yanrìn, kí àgbàlagbà méjì sì máa ṣọ́ ọ níwọ̀n ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fún ìwẹ̀, bàbá náà fi ibì kan hàn wá ní apá ọ̀sà, níbi tí àwọn ọmọ abúlé ti ń wẹ̀, tí omi kò kọjá ìbàdí ọmọ ọdún mẹ́jọ. A fi ọ̀pá yí i ká. Ẹni tí ó bá rò pé a le jù, kí ó rántí pé nínú oṣù June sí September òkun apá ibí a máa ru ju ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ, a kì yóò sì dá a lábàá fún ẹnikẹ́ni láti kó ọmọ wá pàgọ́ nígbà náà rárá.

Ní ti ojú ibi tí àgọ́ yóò dúró: òkun a máa kọ ìwé sílẹ̀ lórí yanrìn fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà. Ìlà koríko gbígbẹ, èèpo àgbọn àti pàǹtí tí ẹ bá rí, ibẹ̀ ni omi dé kẹ́yìn. Ẹ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ dáradára, pàápàá bí oṣù bá fẹ́ lé tàbí bí ó bá fẹ́ yọ tuntun, nítorí nígbà wọ̀nyí ni òkun ń kún jù. Ẹ má ṣe pàgọ́ sí abẹ́ àgbọn, bí ó ti wù kí òjìji rẹ̀ tutù tó; èso àgbọn kì í kìlọ̀. Ní ọ̀sán afẹ́fẹ́ ń ti òkun wá, ní òru ó lè yí padà kí ó máa ti ọ̀sà wá, a sì gbé ẹ̀fọn dání. Nítorí náà a súnmọ́ òkun ju ọ̀sà lọ, olúkúlùkù sì sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Omi mímu yà wá lẹ́nu. Láàrin omi iyọ̀ méjì, kànga abúlé náà kò ní iyọ̀ lẹ́nu. Omi òjò ni ó rì sínú yanrìn tí ó sì léfòó lórí omi iyọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, nítorí náà ni wọn kì í gbẹ́ kànga jìn: bí a bá gbẹ́ ẹ jù, tàbí bí a bá fà á jù, iyọ̀ a gòkè wá. A ń fi í wẹ̀, a ń fi í fọ abọ́. Èyí tí a ń mu, a sè é.

Ohun kan ṣoṣo ni ó dá wa lóró, èyí ni bí a ó ti gbé aláìsàn dé ìlú ní òru. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan gbà láti so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ èbúté abúlé fún òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú epo nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Owó náà kò kéré, àwọn kan sì kùn. Ní òru kẹta ni ọmọdébìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, èémí rẹ̀ ń dún bí fèrè. A wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó fún un, ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ra, wọ́n sì dé ilé ìwòsàn kí aago méjì tó lù. Nígbà tí oòrùn yọ, ó ti ń bèèrè àkàrà. Ẹnikẹ́ni kò tún sọ̀rọ̀ nípa owó ọkọ̀.

Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, àwọn ọmọ 11 tí ó ti tó ọjọ́ orí rìn láti èbúté Gberefu dé ìdí òpó méjèèjì. A kò sọ fún wọn kí wọ́n dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè bóyá àwọn tí a kó lọ mọ̀wẹ̀; tíṣà wa kò tètè rí èsì fún un.

Ní òwúrọ̀ Sátidé ọkọ̀ dé ní aago méje. Ìyá tí a mẹ́nu kàn lókè ni ó dúró ní etí omi, tí ó ń ka orí wọn bí wọ́n ti ń wọlé, ó sì tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Wọ́n pé 31.