Ṣé Wọ́n Ti Dáhùn?

Láràárọ̀, kí a tó fọ ẹnu, fóònù la kọ́kọ́ ń wò. Oṣù kọkànlá rèé. Àwa méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, la jọ kọ ìwé ìtàn àròsọ kan. Ọ̀kan nínú wa ń kọ kóòdù jẹun, èkejì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi kọ ọ́, lóru, nígbà tí iná wà àti nígbà tí kò sí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ẹnu ìyá tó bí ìyá wa la sì ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi mẹ́tàdínlógún la fi ránṣẹ́ sí: àwọn olóòtú, ilé iṣẹ́ atẹ̀wé, àti àwọn ẹ́jẹ́ǹtì ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sọ gbogbo ìtàn náà lójú ìwé kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ wá kọ lẹ́tà tó ń sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́. Yorùbá la fi kọ tiwa, nítorí náà a tún jókòó tú orí mẹ́ta yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Mẹ́rin péré ló fèsì. Gbogbo wọn dúpẹ́, gbogbo wọn kọ̀ ọ́. Ẹnìkan ní òun fẹ́ràn ìtàn náà gan-an, àmọ́ òun ò mọ ẹni tí òun máa tà á fún. Àwọn yòókù ò sọ nǹkan kan. Ṣebí púpọ̀ nínú wọn ti kọ ọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ nǹkan láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá, kẹ́ ẹ yáa gbà pé àwọn ò fẹ́ ẹ nìyẹn.

Nínú iṣẹ́ kóòdù, tí kọ̀ǹpútà kan bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ òmíràn tí ìyẹn ò dáhùn, ó ní iye àkókò tá a ti ní kó fi dúró. Tó bá ti pé, ó máa ṣíwọ́, á bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. A tiẹ̀ kọ kóòdù kékeré kan tó ń yẹ àpótí ímeèlì wa wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó lè máa bá wa dúró. Kóòdù ń dúró, àwa náà ṣì ń dúró.

Ẹni tó ń tù wá nínú ni Amos Tutuola. Ìránṣẹ́ ló jẹ́ ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ìwé tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ̀ Focal Press ló lọ, àwọn tó ń tẹ ìwé nípa fọ́tò yíyà. Ó di 1982 kí ìwé yẹn tó jáde. Ó tún kọ òmíràn, The Palm-Wine Drinkard. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń tẹ ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀, àmọ́ wọn ò jù ú nù. Wọ́n gbé e fún Faber and Faber, àwọn yẹn sì tẹ̀ ẹ́ ní 1952. Ẹ ò rí i? Ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń kàn, síbẹ̀ ọ̀kan ṣí. A máa ń sọ ìtàn yìí fún ara wa bí ẹni ń lo oògùn. Àmọ́ ohun tó ń kọ́ wa ò ju pé ká ṣáà máa dúró.

Ìyá àgbà ń gbé nítòsí Ìgá Ìdúngànrán, nínú ilé tí wọ́n bí ìyá wa sí. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Tá a bá lọ kí wọn lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó kúnlẹ̀ ò tíì dìde, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ò tíì gbọn aṣọ, wọ́n á ti bi wá pé, "Ṣé wọ́n ti dáhùn?"

"Rárá o, Màmá."

Nínú oṣù Ọ̀pẹ, ara wọn ò yá. Wọ́n sùn sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí wọ́n padà dé, wọ́n tún béèrè, àmọ́ ó ní ohun tí wọ́n fi kún un: "Àwọn tẹ́ ẹ fún yẹn, ṣé wọ́n mọ Ìdúmọ̀tà ni? Èmi tí mo sọ ọ́ fún yín ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò tíì kà á sí mi létí."

Ojú tì wá.

Lóru ọjọ́ yẹn la rántí Isaac B. Thomas. Èkó níbí ló ti dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní 1928. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀: Sẹ̀gilọlá, arúgbó tára rẹ̀ ò yá, tó ń jẹ́wọ́ bó ṣe lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé náà ń kọ lẹ́tà wọlé. Ní 1930 ó di ìwé, lónìí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Lóòótọ́, òun ló ni ìwé ìròyìn, àwa ò ní. Àmọ́ ará Èkó ló kọ ọ́ fún, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù fún un láyè.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, a fa àga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá, a ka orí kìíní. A ò tíì dé ojú ìwé kẹta tí wọ́n fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Obìnrin yẹn gba Ìta Fájì kọjá, kò kí ẹnì kankan? Ta ló tọ́ ọ?"

A rẹ́rìn-ín, a kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Nínú gbogbo ẹni tá a fi ìwé náà ránṣẹ́ sí, kò sẹ́ni tó lè rí àṣìṣe yẹn. A tún un ṣe, a gba ohùn wa sílẹ̀ lórí fóònù, a fi í sórí WhatsApp ẹbí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àbúrò ìyá wa tó wà ní Peckham ti fèsì: àṣìṣe mẹ́ta, àti ìbéèrè kan, "Èyí tó kù dà?"

Ká má parọ́, a ṣì fẹ́ kí wọ́n dáhùn. A fẹ́ rí ìwé wa lórí àtẹ. A ò tíì pa kóòdù yẹn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ló ń yẹ ímeèlì wò báyìí. Orí mẹ́tàlá ló kù láti kà. A ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjìlá yẹn fún Màmá. Wọ́n ní ká máa ka orí méjì méjì, pé àwọn ò ní ọ̀sẹ̀ méjìlá táwọn máa fi ṣòfò.