Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n àwo orin kan ló jẹ́ kó yé mi.

Ìkòròdú ni mo ń gbé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti mọ ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń gbé ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé àwa méjèèjì fẹ́ràn àwo orin àtijọ́. Wọ́n ní àwo tí Sàláwà Àbẹ̀ní kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1976 ní ìrántí Ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí wọ́n pa ní oṣù kejì ọdún náà. Èmi ní Oroki Social Club tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe ní ọdún 1971. Ogún bàbá mi ni. A gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀. Oníkálukú di tirẹ̀, a sì fi rán awakọ̀ èrò.

Nígbà tí mo tú ẹrù tèmi, etí àwo náà ti ká sókè. Bí abẹ́rẹ́ gírámafóònù bá ti dé ibẹ̀, ńṣe ló ń fò. Inú bí mi. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Wọ́n fèsì pé: "Àbúrò, kò sóhun tó ṣe é nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa òfin. Òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà fún ẹni tó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti gba ọjà tó dára. Ṣùgbọ́n nínú pàṣípààrọ̀, ta ni òǹrajà, ta sì ni òǹtajà? Yàtọ̀ sí èyí, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fojú rinjú." A pàdé ní Ìtòìkín, lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n gbé gírámafóònù kékeré kan tó ń lo bátìrì dání.

Wọ́n yẹ àwo tó ká náà wò títí. Wọ́n ní, "Ooru ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé iwájú ọkọ̀ ni awakọ̀ gbé e sí nínú oòrùn. Ìwé ìròyìn lásán ni mo sì fi wé e. Èmi tí mo di ẹrù ni mo jẹ̀bi."

Wọ́n wá gbé àwo bàbá mi sórí ẹ̀rọ, ojú kejì. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ fi kan ibi tó ha, tó ń ta kẹ́kẹ́. Láti ìgbà ọmọdé ni mo ti mọ ibẹ̀. N kò sọ fún wọn.

"Ọjọ́ tó dé ni mo ti gbọ́ ọ," ni wọ́n wí. "Mo ní ogbó ló fà á, n kò fẹ́ sọ ọ́ di ẹjọ́."

Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sínú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Ńṣe ni mo fi pamọ́." Wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Oníkálukú gba tirẹ̀ padà. Èmi ni mo san owó ọkọ̀ wọn. Láti ọjọ́ náà, a ti ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Páálí líle méjì ni a fi ń ká àwo mọ́ báyìí. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó yin àwo tirẹ̀, àléébù rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ.