Nípa Díámọ́ǹdì Aláró Tí A Fi Ọwọ́ Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ó ní ọmọ tí ó tó gbé ìyàwó tàbí tí ó tó lọ sí ilé ọkọ, ojú ń tì wá díẹ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó lè gba ẹlòmíràn lọ́wọ́ irú àṣìṣe tí àwa ṣe, a kò ní fi í pamọ́.

Nígbà tí àwọn ẹbí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọbìnrin wa wá ṣe ìdáná ní ilé wa ní Ìbàdàn, wọ́n gbé òrùka kan kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrù yòókù. Òkúta kan wà lórí rẹ̀ tí ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí aró tí a fi omi là. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa bèèrè bí ó bá jẹ́ díámọ́ǹdì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Díámọ́ǹdì ni, ẹ̀yin bàbá mi, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ni a ti ṣe é, a kò wà á nínú ilẹ̀. Agbára mi kò ká èyí tí a wà nínú ilẹ̀, n kò sì fẹ́ purọ́ fún yín."

Ilé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn wá dé ọkàn. A pe aya wa sí ìyẹ̀wù, a sì wí fún un pé òrùka èké ni ọmọ yìí fi wá tọrọ ọmọ wa, a ó sì dá a padà fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Aya wa wò wá, ó ní, "Olówó orí mi, ẹni tí ó fẹ́ tan ènìyàn jẹ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá wa dúró. A gba òrùka náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Ohun tí a rí ni èyí. Díámọ́ǹdì kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe kábọ́ọ̀nù, èyíinì ni ohun kan náà tí ó wà nínú èédú àti nínú ohun dúdú inú pẹ́ńsùlù. Ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ńláǹlà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó sọ ọ́ di òkúta líle. Èyí tí ó jẹ́ aláró, ìwọ̀n bíńtín ohun kan tí a ń pè ní boron ni ó wọ inú rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ti ibi tí ó jìn tó nǹkan bí 660 kìlómítà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wá. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jùlọ ni Hope, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ káràtì 45.52. Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá, ó sì ti wà ní ilé ìṣúra Smithsonian ní Washington láti ọdún 1958. Bẹ́ẹ̀ ni káràtì 5 péré ni ó ń jẹ́ gíráàmù 1. Ní ọdún 2016, ní ìlú Geneva, a ta òkan tí a ń pè ní Oppenheimer Blue, tí kò ju káràtì 14.62 lọ, ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù 57 dọ́là. Nígbà tí a ka èyí, ó yé wa ìdí tí ọmọ náà fi ní agbára òun kò ká a.

Ní ti èyí tí a fi ọwọ́ ṣe, ọdún 1955 ni ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti ṣe díámọ́ǹdì, nígbà tí ó sì di ọdún 1970, wọ́n ti lè ṣe èyí tí ó tó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Nínú ti èkínní, a ó kó kábọ́ọ̀nù àti irin tí yóò yọ́ pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀yà díámọ́ǹdì kékeré kan bí irúgbìn, a ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú agbára tí ó ju ti afẹ́fẹ́ tí ó wà lórí wa lọ ní ìlọ́po 50,000, nínú ooru tí ó ju ìwọ̀n 1,300 ti Celsius lọ. Nínú ti èkejì, a ó fi ooru tú afẹ́fẹ́ tí ó ní kábọ́ọ̀nù nínú ká, kábọ́ọ̀nù náà yóò sì máa bà lé orí díámọ́ǹdì pẹlẹbẹ kan díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nípọn. Bí a bá fẹ́ kí ó jẹ́ aláró, a ó fi boron sí i. Òkúta tí ó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe àwòrán díámọ́ǹdì. Díámọ́ǹdì gan-an ni, nínú líle àti nínú dídán.

Síbẹ̀síbẹ̀ ọkàn wa kò tíì balẹ̀, a sì ń tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe kò lè tó èyí tí ilẹ̀ bí. Nígbà náà ni aya wa ṣí àpótí rẹ̀, ó mú sẹ̀gi tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jáde, ó sì bi wá pé, "Èyí ńkọ́? Inú ilẹ̀ ni a ti wà á bí?" A kò rí èsì fọ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, a ti wú àwọn ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí ní ìgbà àtijọ́ jáde, àti ní ọdún 2017, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ níbẹ̀, àti pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni ó ń ṣe dígí náà. Iná ni a fi ṣe sẹ̀gi, ọwọ́ ènìyàn ni ó ṣe é, síbẹ̀ àwọn ọlọ́lá ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tí ń pè é ní èké.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a mú òrùka ọmọ náà lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Èkó. Ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ èkínní ní díámọ́ǹdì ni. Èkejì pè é ní òkúta mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ moissanite. Alágbẹ̀dẹ náà rẹ́rìn-ín, ó ní boron ni ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú òkúta aláró kọjá, òun ni ó sì ń tan ẹ̀rọ jẹ. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo etí òkúta náà, ó ka nọ́ńbà tí a fín sí i, nọ́ńbà náà sì bá ti inú ìwé rẹ̀ mu. Aya wa wá bọ́ òrùka ọwọ́ tirẹ̀, èyí tí òkúta aláró wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, pé kí ó bá òun wò ó. Àwa ni ó rà á fún un ní ọdún 1996 ní owó tí ó wọ̀ wá lára, láìgba ìwé kankan, nítorí pé ẹni tí ó tà á búra fún wa pé díámọ́ǹdì Gúúsù Áfíríkà ni. Alágbẹ̀dẹ náà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Dígí ni.

A kò lè sọ̀rọ̀ títí a fi dé ààrin ọ̀nà Ìbàdàn. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó foríjì wá, aya wa ní, "Ẹ̀yin kò purọ́ fún mi, wọ́n purọ́ fún yín ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ òtítọ́ fún yín ni ẹ fẹ́ lé." Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Àwa gan-an ni òwe yìí bá wí.

Nítorínáà, ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú òkúta yìí, kí ó fi etí sí ohun márùn-ún wọ̀nyí.

Èkínní, kí ó gba ìwé ẹ̀rí láti ilé àyẹ̀wò bíi GIA tàbí IGI, tí ó sọ ní gbangba pé ilé iṣẹ́ ni a ti ṣe é, kí nọ́ńbà etí òkúta sì bá ti ìwé mu. Ojú lásán kò lè mọ èyí tí a ṣe yàtọ̀ sí èyí tí a wà.

Èkejì, kí ó bèèrè ohun tí ó fún un ní àwọ̀. Ti boron wà nínú òkúta látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí a fi ìtànṣán sọ di aláró lẹ́yìn tí a ti ṣe wọ́n tán. Ooru iná alágbẹ̀dẹ lè yí àwọ̀ wọn padà. Àwọn mìíràn sì wà tí a kàn kùn lára. Èyí a máa họ.

Ẹ̀kẹta, kí ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ó tún wò ó lábẹ́ àtùpà. Òmíràn a máa fà sí àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ ewé, èyí tí ó bá sì dúdú jù lè dàbí èédú ní alẹ́. Wúrà funfun tàbí platinum a máa jẹ́ kí aró rẹ̀ hàn kedere. Wúrà pupa lè mú kí ó fà sí àwọ̀ ewé.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe rà á bí ẹni ń to ìṣúra jọ. Ní ọdún 2018, De Beers bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní 800 dọ́là fún káràtì 1 lábẹ́ orúkọ Lightbox, aláró àti funfun ní iye kan náà. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn yóò pa òwò náà tì, nítorí iye owó rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ lọ́jà. Ẹwà rẹ̀ ni kí a rà á fún.

Ẹ̀karùn-ún, bí ó ti le tó nì, bí a bá gbá a mọ́ nǹkan, ó lè là. Kí ìyàwó bọ́ ọ kí ó tó gún iyán, kí ó sì máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́.

A ti ṣe ìgbéyàwó náà, òrùka aláró sì wà ní ìka ọmọ wa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ so sẹ̀gi mọ́ ọn lọ́rùn. Òrùka dígí wà ní ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ síbẹ̀. Ó ní kí a má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ń lọ ra òkúta, ẹ bèèrè ibi tí ó ti wá, bí ẹnìkan bá sì dá yín lóhùn ní òtítọ́, ẹ má ṣe fi í rẹ́rìn-ín.