Omi Tí Mo Fún Mọ́tò Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ láìbéèrè, títí di ọjọ́ tí mo rí i pé omi mìíràn wà tí ó jẹ́ ọ̀tá ẹ́ńjìnì mọ́tò.

Nígbà tí bàbá mi fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà, ó fi Peugeot 504 rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rà á. Ohunkóhun tí o bá ń dà sí i nínú, kí o mọ̀ ọ́n." Mo ní mo ti gbọ́. Èmi kò gbọ́ rárá.

Agége ni mo ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà náà: bí mọ́tò bá dúró sójú kan, atẹ́gùn kì í fẹ́ sí rédíétọ̀ dáadáa, omi inú rẹ̀ a sì máa gbóná. Bí omi temi bá ti lọ sílẹ̀, èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí ni mo ń dà sí i: omi bọ́ọ̀húùlù, omi kànga, píọ̀ wọ́tà tí àwọn ọmọdé ń kiri láàárín títì. Lójú mi, omi ni gbogbo omi ń jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àyà ń dun bàbá mi, mo sì ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Ọba Akran Avenue, èéfín funfun bo ojú wa, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́ rọ́rọ́. Omi pupa bí epo ń ṣàn lábẹ́ mọ́tò. Bàbá mi wo omi náà, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Takisí ni a wọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọlọ́run ṣe é, ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ojú tí ó fi wò mí kò tí ì kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá mẹkáníìkì kan ní Ògbà tú ẹ́ńjìnì náà. Gáskẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹrẹ̀ pupa sì ti dí àwọn ihò tóóró inú rédíétọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, bu omi bọ́ọ̀húùlù yín sínú ike funfun, kí o fi í sílẹ̀ mọ́jú." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tí ó mọ́ lóló ní alẹ́ ti pọ́n ní òwúrọ̀: irin ni ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ rí lágbègbè wa. Omi etí òkun ní iyọ̀ tí ń jẹ irin. Omi ilẹ̀ olókùúta ẹfun a sì máa lẹ̀ mọ́ inú irin bí ó ti ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Nǹkan bí ọdún 1915 ni omi Ìjù, nítòsí Agége, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ Èkó. Ṣùgbọ́n nítorí ẹnu ènìyàn ni a ṣe ń fọ irú omi bẹ́ẹ̀ mọ́, kì í ṣe nítorí ẹ́ńjìnì.

Èyí tí ó tọ́ ni omi tí a sè di oru, tí a sì tún mú oru náà tutù di omi. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní dísítílì wọ́tà. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má ta ásíìdì bátìrì fún yín dípò rẹ̀. A ó pò ó mọ́ kúláǹtì ní ìlàjì-ìlàjì. Mo ti ń rò pé ti òyìnbó ni kúláǹtì, nítorí yìnyín ilẹ̀ wọn. Irọ́ ni. Omi lásán ń hó ní 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àdàlù yìí a kọjá 105 kí ó tó hó, oògùn ìpẹtà sì wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀nà bá há, omi mímọ́ èyíkéyìí lè gbé wa délé, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti tutù; ṣùgbọ́n kí a tètè fà á dànù.

Lọ́jọ́ tí mo tún fẹ́ gbé bàbá mi jáde, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní, "Omi wo ló wà nínú rẹ̀?" Mo sọ ọ́ fún un. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé.