Bí A Ṣe Yan Ẹnì Kọkànlá

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe bínú bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bá jọ ẹjọ́ tí ẹlẹ́jọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ rò. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa fẹ́ bá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn díje nínú eré kírikẹ́ẹ̀tì, ènìyàn mẹ́ta ni a ní kí ó yan àwọn mọ́kànlá tí yóò ṣeré náà: olùkọ́ tí ń bójú tó eré ìdárayá, ọ̀gá ẹgbẹ́, àti èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé. Mẹ́wàá àkọ́kọ́ kò gbà wá ní àkókò rárá. Ẹnì kọkànlá ni ó di wàhálà.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́ jẹ́ ọmọ ìlú mi. Ó ti wà ní ọdún kẹta, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, ilé baba rẹ̀ kò sì jìnnà sí tiwa. Ó mọ báàtì í dì mú níwọ̀nba. Èkejì jẹ́ ọmọdékùnrin kan láti ilẹ̀ Gáńbíà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí kò ga, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí agogo àdúrà tó dún, ni ó máa ń gbé òfìfo agolo kẹrosíìnì kan sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, yóò wọn yáàdì 22 sẹ́yìn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ju bọ́ọ̀lù sí i. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í yára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi ara kan ilẹ̀, a máa yà bí ẹni tí ó rántí ohun tí ó gbàgbé sílé. Gbogbo wa ni a ń gbọ́ ariwo agolo náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń bú u pé kì í jẹ́ kí àwọn sùn.

Olùkọ́ wa bi mí léèrè ohun tí mo rò. Mo dáhùn pé ọmọ náà kéré, kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀. Irọ́ kọ́ ni, nítorí ó kéré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré, n kò sì rò pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò ṣẹ mọ́ èmi fúnra mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí pápá. Kò ṣe dáradára, kò sì ṣe búburú. A borí, a jẹ ìrẹsì, kò sì sí ẹni tí ó bi wá ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ náà ni ariwo agolo ti dákẹ́.

Irú ọ̀ràn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1904 ni àwọn ará Èkó ti bá àwọn ará Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, gbá kírikẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ó di ọdún 1976, Nàìjíríà, Gánà, Gáńbíà, àti Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, para pọ̀ wọ inú àjọ kírikẹ́ẹ̀tì gbogbo ayé ní orúkọ kan ṣoṣo, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹgbẹ́ náà lọ díje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982, ó sì dé Malaysia ní 1997. Ẹ wo iṣẹ́ náà bí ó ti rí: orílẹ̀-èdè mẹ́rin, ènìyàn mọ́kànlá! Bí a bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní méjì, mẹ́jọ lọ. Ta ni yóò wá gba mẹ́ta tí ó ṣẹ́kù? Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú yàrá kékeré kan tí a ti ń ṣe irú rẹ̀, mo sì mọ bí ahọ́n ti í wúwo níbẹ̀. Ní ọdún 2002 Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ àjọ náà fúnra rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọmọkùnrin Nàìjíríà tí wọn kò tíì pé ọdún 19 lọ sí Windhoek ní ilẹ̀ Namibia láti wá ọ̀nà dé ìdíje gbogbo ayé. Ta ni wọ́n bá pàdé ní ìkẹyìn? Sàró, ẹni tí ì bá jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú wọn ní ìgbà àtijọ́. Wíkẹ́ẹ̀tì méjì péré ni wọ́n fi borí. Ní ọdún 2020 wọ́n dé Gúúsù Áfíríkà, ojú wọn sì rí nǹkan. Australia ká wọn mọ́ 61, Gẹ̀ẹ́sì ká wọn mọ́ 58. Japan nìkan ni wọ́n rí ṣẹ́gun, wọ́n sì gba ipò kẹẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kò lè yan ẹni tí a kò kọ́. Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ìlú Ìbínní bá ní ọmọ púpọ̀ nínú eré yìí, ohun tí ó fà á ni pé àwọn olùkọ́ kan fi báàtì lé ọmọdé lọ́wọ́ ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ wọn.

Ẹ sì rí àwọn ọmọbìnrin! Ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní Kuching ní ilẹ̀ Malaysia, òjò gé eré kù sí óófà 13. Nàìjíríà, tí Lucky Piety jẹ́ ọ̀gá wọn, kó róònù 65. New Zealand ń fẹ́ mẹ́sàn-án nínú óófà ìkẹyìn. Mẹ́fà ni wọ́n rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú mi dùn títí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé lára àwọn ọmọ wọ̀nyí, ó ṣeé ṣe kí a rí ẹni tí ẹnì kan ti sọ fún rí pé ó kéré.

Ní sáà yìí a rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣíṣe. Mo kó àwọn ọmọ jọ sí pápá, pákó tí káfíńtà gbẹ́ ni báàtì wa, mo sì ń tọ́ka sí àwọn tí ó ga: ìwọ, ìwọ, ìwọ náà. Ọwọ́ mi dúró ní òfurufú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí yàrá ọmọ Gáńbíà yẹn. Ó dìde fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí ó gbọ́ nìyẹn, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá bọ́ọ̀lù òun ni kò dára.

Mo ní bọ́ọ̀lù rẹ̀ dára.

"Kí ni ó wá dé?"

Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí gan-an. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní àwọn ará ilé ìdáná ti mú agolo òun, wọ́n fi ń pọn omi.

Mo wá òmíràn ní ọjà. Ní ọjọ́ Sátidé a jọ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà, ó sì ń fi bí a ti ń di bọ́ọ̀lù mú hàn wọ́n, àti ẹni tí ó ga àti ẹni tí kò ga. Agolo tuntun náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná nísinsìnyí. Àwọn tí ń sùn ti tún bẹ̀rẹ̀ sí bú u.